Láti Adó-Èkìtì sí Houston: Ìfiwéra àwọn ọ̀nà, kìlómítà wọn àti wákàtí wọn

Bí ẹ bá tẹ Èkó àti Houston sínú ẹ̀rọ tó ń ṣírò ọ̀nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ fún yín pé nǹkan bíi kìlómítà 10,470 ni, àti pé wákàtí 12 sí 13 ni bàálù yóò fi dé ibẹ̀. Òótọ́ ni ti kìlómítà. Ti wákàtí kò ṣeé gbé ìrìn àjò lé, torí kò sí bàálù tó ń ti Èkó lọ tààrà sí Houston mọ́. Iléeṣẹ́ bàálù United ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní 2011, wọ́n sì dá a dúró ní 2016. Láti ìgbà náà, dandan ni kí ẹ yà síbì kan, ibi tí ẹ bá sì yà sí ló ń pinnu bóyá ẹ ó lo ọjọ́ kan àti díẹ̀ tàbí ọjọ́ méjì gbáko.

Ẹ̀rọ náà tún fi nǹkan kan sílẹ̀ tó kan ọmọ Èkìtì gan-an: kì í ṣe Èkó lẹ ti ń gbéra. Bí a bá fa ìlà tọ́ọ́rọ́ láti Adó dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, kò ju kìlómítà 240 lọ. Ojú títì sọ ọ́ di bíi 330, ó sì lè gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, láti ẹnu ọ̀nà ilé ní Adó dé ìta pápákọ̀ ní Houston la ó fi ka gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí.

Bí ẹ ṣe lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín

Ayé rí róbótó. Bí ẹ bá fa okùn le láti ojú kan sí òmíràn lára bọ́ọ̀lù, ibi tí okùn náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù, ibẹ̀ sì ni bàálù ń gbìyànjú láti tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí bàálù tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Houston, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí máàpù, fi máa ń kọ́kọ́ gba òkè Ireland, kó gba ìlà-oòrùn Kánádà, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Texas.

Láti sọ kìlómítà di wákàtí, ẹ pín in sí 850, kí ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. Bàálù ńlá ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan bó bá ti dúró sókè, ṣùgbọ́n ó ń lo àkókò láti rìn dé ibi tí yóò ti gbéra, láti gòkè, láti sọ̀ kalẹ̀ àti láti wá ẹnu géètì rẹ̀. Ẹ fi Èkó sí Heathrow, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, dán an wò. Kìlómítà 5,000 ni. Ẹ pín in sí 850, ó jẹ́ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 53. Ẹ fi ọgbọ̀n kún un, ó di wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 23. Ohun tí ẹ ó rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì kò ní jìnnà sí i.

Ibi tí ìṣirò yìí kì í ti í bá a mu ni orí òkun Àtìláńtíìkì. Afẹ́fẹ́ tó lágbára ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń le jù láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń kojú rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ wálé ń rí i tó ń tì í lẹ́yìn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan kún àlọ. Èkó sí Atlanta ń gba bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀. Àbọ̀ ọ̀nà kan náà kì í ju bíi 11 lọ.

Ojú òfurufú tí wọ́n bá tì náà ń fi kìlómítà kún ọ̀nà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun Niger ti ojú òfurufú wọn, àwọn bàálù tó ń lọ láàrin Europe àti Nàìjíríà ní láti yí gbà ibòmíràn títí wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù Kẹsàn-án. Ogun Sudan, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, ba ọ̀nà ìlà-oòrùn jẹ́ bákan náà.

Àwọn ọ̀nà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Kìlómítà inú àtẹ yìí jẹ́ ti ìlà tó kúrú jù láàrin àwọn pápákọ̀. Wákàtí rẹ̀ jẹ́ ti àlọ, nínú bàálù nìkan, láìka ìdúró.

| Ibi tí ẹ ó yà sí | Ẹsẹ̀ kìíní (km) | Ẹsẹ̀ kejì (km) | Àpapọ̀ (km) | Wákàtí nínú bàálù |
|---|---|---|---|---|
| Atlanta | 9,390 | 1,110 | 10,500 | bíi 14¾ |
| Washington (Dulles) | 8,750 | 1,910 | 10,660 | bíi 15 |
| Lọ́ńdọ̀nù (Heathrow) | 5,000 | 7,760 | 12,760 | bíi 17 |
| Paris | 4,720 | 8,070 | 12,790 | bíi 17 |
| Frankfurt | 4,860 | 8,400 | 13,260 | bíi 17½ |
| Istanbul | 4,610 | 10,230 | 14,840 | bíi 20½ |
| Doha | 5,530 | 12,930 | 18,460 | bíi 23 |
| Dubai | 5,900 | 13,120 | 19,020 | bíi 24 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Kìlómítà 30 péré ni Atlanta fi ju ọ̀nà tààrà lọ, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú ọ̀nà Houston gan-an ló wà. Dubai ń kọ́kọ́ gbé yín lọ sí ìlà-oòrùn, kó tó wá kó yín padà sí ìwọ̀-oòrùn; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà jíjìn yẹn lè kéré díẹ̀ sí ti Atlanta. Kì í ṣe epo tí bàálù jó ló ń pinnu owó tíkẹ́ẹ̀tì. Iye àga tó ṣófo àti iye iléeṣẹ́ tó ń bá ara wọn du ọ̀nà náà ni. Bí ìyàtọ̀ owó kò bá pọ̀, ẹ má gba Doha tàbí Dubai lọ sí Houston. Bàálù kan ṣoṣo tó ń fò fún wákàtí 16 kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹsẹ̀ àti ìbàdí, pàápàá fún ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ láti Adó.

Atlanta tàbí Europe?

Ibí ni ìyàn gidi wà, kìlómítà nìkan kò sì lè yanjú rẹ̀.

Ìlú Amẹ́ríkà tí ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni ẹ ó ti rí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Bí ẹ bá gba Atlanta tàbí Washington, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bi yín ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ẹ ó gba ẹrù yín lórí bẹ́líìtì, ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ẹ ó dá ẹrù náà padà fún iléeṣẹ́ bàálù, ẹ ó sì tún gba ibi àyẹ̀wò ara kọjá kí ẹ tó dé géètì Houston. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ kọ Houston sára ẹrù yín láti Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí. Wọ́n á fi àpótí wọn sílẹ̀ lórí bẹ́líìtì, wọ́n á máa lọ, àpótí náà kò sì ní tẹ̀ lé wọn. Ẹ jẹ́ kí ìdúró yín ní Atlanta tó wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá fún yín ní wákàtí kan àti ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà láti tà á, kò yẹ kẹ́ ẹ rà á: bí ìlà ìmígíréṣọ̀n bá ti gùn, bàálù kejì ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí bàálù bá lọ fi yín sílẹ̀ ní Atlanta, ìṣòro náà kéré. Bàálù tó ń lọ sí Houston láti ibẹ̀ pọ̀ lóòjọ́, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Ní Heathrow tàbí Frankfurt, bàálù Houston kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ti òní lè ní láti dúró di ọ̀la, láìní físà tí yóò fi jáde lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Àǹfààní Europe ni pé ẹ kò ní fọwọ́ kan ẹrù yín. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, láti Èkó ni wọn yóò ti fi àmì tó gbé e dé Houston sí i lára. Houston ni ẹ ó ti rí ìmígíréṣọ̀n, nígbà tí kò sí bàálù míì tẹ́ ẹ ń lé, tí ọmọ yín sì ti ń dúró níta.

Ìdí nìyí tí ìdáhùn wa kò fi jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Fún géńdé tó mọ ìrìn, Atlanta ni. Fún ìyá àgbà tó ń dá lọ kí ọmọ tuntun, tó gbé àpótí méjì oníkílò 23 lọ́wọ́, Europe lára rẹ̀ ó gbà jù, pẹ̀lú ìdúró wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, àti àga oníkẹ̀kẹ́ tí ẹ ti bèèrè fún ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ẹni tó ń ti àga náà yóò mú màmá gba ìlà tó yá, yóò sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ, àdírẹ́sì ilé ní Houston àti orúkọ oògùn màmá sórí bébà kan, kí ó fi sínú pásípọ́ọ̀tù. Fóònù lè kú, bébà kì í kú. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, kí wọ́n sì máa mu omi, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ní ti físà ìyà-kọjá: ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn ilẹ̀ Europe tó ń lo físà kan náà, bíi Faransé àti Jámánì) ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà láti pààrọ̀ bàálù nínú pápákọ̀. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì lágbára bọ́ nínú èyí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti jáde kúrò nínú pápákọ̀. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí pápákọ̀ wọn yàtọ̀, kí ọ̀kan gbé yín sí Gatwick, kí èkejì gbéra ní Heathrow. Bíi kìlómítà 65 ló wà láàrin wọn lójú títì. Ẹ ó kọjá ìmígíréṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó gbé ẹrù yín wọ ọkọ̀, ó kéré tán wákàtí kan, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti káńtà. Ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì: LGW ni Gatwick, LHR ni Heathrow.

Houston náà ní pápákọ̀ méjì. IAH, tí wọ́n ń pè ní George Bush, wà ní àríwá ìlú. HOU, ìyẹn Hobby, sún mọ́ àárín ìlú láti ìhà gúúsù. Gbogbo bàálù láti Europe ń balẹ̀ sí IAH. Láti Atlanta, ẹ lè rí ti Hobby. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín, èwo ló sún mọ́ ọn, kí ẹ tó sanwó.

Èkó tàbí Àbújá?

Láti Adó, Àbújá kò jìnnà ju Èkó lọ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ìlà tọ́ọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 270, ojú títì rẹ̀ tó nǹkan bíi 400, gba Ìkọ̀lé àti Òmùò bọ́ sí Kábbà, kó tó dé Lọ́kọ́ja. Ẹni tó ń gbé Òmùò ti wà lẹ́nu ibodè Kogi tẹ́lẹ̀. Àbújá sì fi bíi kìlómítà 230 sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú bàálù. Ẹ má tìtorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yan ọ̀nà.

Ohun tó yẹ kó pinnu ni ààbò ọ̀nà àti bàálù tó wà. Ọ̀nà Kábbà sí Lọ́kọ́ja kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lálẹ́, bẹ́ẹ̀ bàálù Àbújá tó ń lọ Europe lè gbéra lóru tàbí ní ìdájí. Bó bá jẹ́ Àbújá, ọ̀sán ni kí ẹ rìn, kí ẹ sùn níbẹ̀. Kò sí bàálù Àbújá sí Atlanta. Ẹ ó gba Lọ́ńdọ̀nù, Paris, Frankfurt tàbí Istanbul. Ẹ béèrè bóyá bàálù náà yóò tún yà sí ìlú míì ní Nàìjíríà kó tó kọjá aṣálẹ̀, torí ìyà bẹ́ẹ̀ máa ń fi wákàtí kan sí méjì kún ìrìn.

Ní ti Èkó, ọ̀nà mọ́tò méjì ló wà. Ti Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ, Ìtawúrè, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Àti ti Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù. Wọ́n jọ pàdé ní Ṣágámù, lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni wákàtí ti ń sọnù. Bí bàálù yín bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ rántí ìsìn òru Rìdíìmù: láti ọ̀sán ni ọkọ̀ ti máa ń tò lọ́nà ibẹ̀. Ẹ gbéra ní ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí kí ẹ ti kọjá Ṣágámù kí aago 11 àárọ̀ tó lù.

Àbí ẹ ó wọ bàálù láti Àkúrẹ́? Pápákọ̀ Àkúrẹ́ kò ju bíi kìlómítà 50 sí Adó, bàálù rẹ̀ sì ń dé Èkó láàrin ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ó dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni méjì. Bàálù abẹ́lé sábà máa ń gba kílò 20 péré, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà lè gbà yín láàyè àpótí méjì oníkílò 23. Owó tí ẹ ó san lórí kílò 26 tó kù lè pa èrè náà. Èkejì ni ọyẹ́. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, kùrukùru ọyẹ́ lè mú kí bàálù má gbéra títí ọ̀sán, tàbí kí wọ́n fagi lé e. Tíkẹ́ẹ̀tì Àkúrẹ́ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kò sì ní dúró dè yín. Nígbà ọyẹ́, bàálù ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ sì rántí pé ibi tí bàálù abẹ́lé ń já èrò sí ní Ìkẹjà kì í ṣe ibi tí ti òkèèrè ń gbéra. Ẹ ó wọ takisí láàrin méjèèjì.

Pápákọ̀ Èkìtì tó wà lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn ló sún mọ́ ilé jù. Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bàálù bá kọ sórí ojú-ewé wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì fi òfin ẹrù àti ti ọyẹ́ tí a sọ nípa Àkúrẹ́ wò ó.

Àpẹẹrẹ kan, láti ilé dé ilé

Ká ní oṣù Kìíní ni, bàálù yóò sì kúrò ní Èkó ní aago 10 alẹ́. Ẹ kúrò ní Adó ní aago 8 àárọ̀, kí ẹ wà ní pápákọ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣí káńtà. Wákàtí 12 àti ààbọ̀ yóò gbé yín dé Atlanta ní aago 10:30 àárọ̀ ti Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ 4:30 ìdájí níbẹ̀. Bàálù Houston gbéra ní 8:00 àárọ̀ Atlanta, ó balẹ̀ ní nǹkan bí 9:15 àárọ̀ Houston, tí ilé ń lu aago 4:15 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 gba ẹrù. Wákàtí 33 ni láti Adó. Bí ẹ bá fi ìgbéra kan náà gba Heathrow pẹ̀lú ìdúró wákàtí mẹ́rin àti ìmígíréṣọ̀n ní Houston, ó di bíi 37, Istanbul, 40 ó lé, Dubai, 44.

Aago Nàìjíríà kì í yí. Ti Amẹ́ríkà ń yí ní Sunday kejì oṣù Kẹta àti Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá: Houston fi wákàtí 7 wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, 6 nígbà ooru. Lọ́ńdọ̀nù ń yí tirẹ̀ ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá, nítorí náà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà tí ìyàtọ̀ aago láàrin ìlú méjèèjì kì í bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Aago ibi tí ẹ wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi aago ìgbéra yọ kúrò nínú aago ìbalẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣàtúnṣe rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ rí i pé kóòdù onílẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣoṣo ló bo ìrìn náà láti Èkó dé Houston. Bó bá jẹ́ kóòdù méjì tí aṣojú so pọ̀, bàálù kejì kò mọ̀ yín mọ́ bí àkọ́kọ́ bá pẹ́. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, iléeṣẹ́ bàálù ló gbọ́dọ̀ wá àyè míì fún yín. Ní káńtà Èkó, ẹ ka bébà tí wọ́n so mọ́ ẹrù: IAH tàbí HOU ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ẹran, ìbáà jẹ́ gbígbẹ tàbí pọ̀ǹmọ́, kò wọ Amẹ́ríkà. Ohun jíjẹ yòókù tí ẹ bá gbé, èlùbọ́ o, gààrí o, ẹ sọ ọ́ fún aṣọ́bodè. Ẹni tó bá sọ ọ́, ohun tó le jù ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá fi pamọ́ lè sanwó ìtanràn.

Fún àbọ̀, ẹ yan bàálù tó ń balẹ̀ sí Èkó ní àárọ̀ bó bá wà. Ìmígíréṣọ̀n àti ẹrù lè gba wákàtí méjì. Bí ó bá ti kọjá aago 12 ọ̀sán kí bàálù tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ wá ibi sùn sí ní Ìkẹjà, kí ẹ gbéra sí Adó ní aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, torí ọkọ̀ tó bá kúrò ní Bẹ́jà ní ìrọ̀lẹ́ yóò pàdé òru láàrin Iléṣà sí Ìtawúrè.